Ọjọ́ Sátidé Tí Wọn Kò Rí Tíolúwaní Mọ́

Àwọn tó mọ Àrínọlá ní Padova máa ń sọ pé ọmọ rẹ̀ lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé ni Tíolúwaní lọ kà. Bọ́ọ̀lù ló ń bá a san owó ìwé náà. Àrínọlá ti tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti tún un ṣe nínú tram tó ń rìn lórí irin nínú ìlú, ó ti tún un ṣe ní ṣọ́ọ̀bù Sístà Àyọ̀kẹ́ tó ń ta oúnjẹ ilé nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, títí ó fi sú u. Ní báyìí, bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé, "Ọmọ yín tó ń gbá bọ́ọ̀lù ńkọ́?" ohun tó ń sọ kò ju pé, "Ó wà."

Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni. Òun àti Boaz ọkọ rẹ̀ ń gbé ní àdúgbò Arcella, ní àjà kẹrin ilé tí kò ní lífíìtì. Ilé iṣẹ́ awọ ni Boaz ti ń ṣiṣẹ́, lọ́nà Vicenza, ilẹ̀ kì í sì í mọ́ bá a nílé. Iṣẹ́ badante ni Àrínọlá ń ṣe ní tirẹ̀, ìyẹn ni pé ó ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́nu rẹ̀. Ó ti gbé ènìyàn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti wẹ̀ fún wọn, ó ti kọ́ àwọn tí itan wọn kán bí wọn yóò ṣe tún ẹsẹ̀ gbé. Nítorí náà, bí ènìyàn bá ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, orúnkún rẹ̀ ni Àrínọlá kọ́kọ́ ń wò kí ó tó wo ojú.

Ẹni tó ń tọ́jú lọ́wọ́ ni Signor Matteo, bàbá ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọkọ̀ bọ́ọ̀sì ìlú ni bàbá náà ń tún ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ilé rẹ̀ wà ní Guizza, níbi tí tram ń dé kí ó tó yí padà. Bí ó ti mọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì tó, kò mọ ibi tí ó ń gbé ìgò ojú rẹ̀ sí.

Fún ọdún méjì gbáko, wákàtí kan wà lọ́sẹ̀ tí Àrínọlá kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan. Bí agogo méje ìrọ̀lẹ́ Sátidé bá lù ní Padova, agogo kan ọ̀sán ni ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní ìlú kékeré tí yunifásítì Tíolúwaní wà. Fọlibọ́ọ̀lù ni ọmọ náà ń gbá, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ gbá kọjá àwọ̀n. Yunifásítì náà máa ń gbé ìdíje rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ibikíbi tí ènìyàn bá sì wà láyé, ó lè wò ó. Àrínọlá á fi wáyà so fóònù rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n Signor Matteo, àwọn méjèèjì á sì jókòó. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án ló wà lẹ́yìn ẹ̀wù ọmọ náà.

"Ẹ wò ó, ó ti fò jù!" ni bàbá máa ń kígbe. "Bí ewúrẹ́ orí òkè!"

"Signore, ẹ má pe ọmọ mi ní ewúrẹ́."

"Ewúrẹ́ tó dára ni mo ní lọ́kàn, Arì. Ewúrẹ́ gidi."

Ìdíje gan-an kọ́ ni Àrínọlá ń wò. Kò lóye bí wọ́n ṣe ń ka àmì rẹ̀ dáadáa. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò. Láti ọjọ́ tí Tíolúwaní ti lọ, kò tíì fojú kàn án. Ìwé permesso tó ń fún un láṣẹ láti máa gbé ní Italy àti físà Amẹ́ríkà kò tíì bára wọn pàdé lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún kan náà. Bí ìsinmi bá sì dé, ilé ẹ̀kọ́ ni ọmọ ń dúró sí láti máa ṣe ìgbáradì. Fóònù wà lóòótọ́. Àmọ́ lórí fóònù, gbólóhùn kan ṣoṣo ni Tíolúwaní ní: "Tutto bene, mamma." Gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Ó ń sọ ọ́ nígbà tí ó bá yege, ó ń sọ ọ́ nígbà tí ibà bá ń ṣe é. Nínú tẹlifíṣọ̀n ni ìyá rẹ̀ ti ń rí òótọ́. Láti ara bí ó ṣe ń gbé èjìká, Àrínọlá á mọ̀ pé kò sùn. Láti ara bí ó ṣe ń fò balẹ̀, á mọ̀ pé ọrùn ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ó rí i nígbà kan tí òun àti ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wọn kò wo ojú ara wọn fún ìdíje mẹ́ta, ó sì rí i ní Sátidé tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Kò béèrè. Kò sí ohun tí yóò béèrè.

Ní oṣù kẹfà, Tíolúwaní kọ̀wé sí i pé ilé ẹ̀kọ́ àwọn ń kúrò nínú líìgì tí wọ́n wà, wọ́n ń lọ sí èyí tó tóbi jù ú lọ.

Àrínọlá ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fò sókè. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti lò ní Italy. Ó mọ̀ pé ẹgbẹ́ tó bá kúrò ní Serie B bọ́ sí Serie A, ó jà fún un ni. Ìgbéga ni. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti sọ fún pásítọ̀. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣe ìdúpẹ́. Ìrẹsì kún kúlà méjì, Boaz wọ kóòtù, Sístà Àyọ̀kẹ́ sì gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ ẹni tó ń kọrin, ó ní, "Ẹ bá mi yọ̀ mọ́ Mọ́mì Tíolú! Láti kékeré dé ńlá! Ọmọ tiwa náà ti bọ́ sí líìgì àwọn ńláńlá!" Gbogbo ìjọ jó yí Àrínọlá ká.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó ròyìn rẹ̀ fún Signor Matteo. Bàbá náà gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ó dára púpọ̀. Ta ni wọ́n nà?"

"Báwo ni, Signore?"

"Kí wọ́n tó gòkè, wọ́n gbọ́dọ̀ ti na ẹnì kan. Ta ni wọ́n nà?"

Àrínọlá kò mọ̀. Ní alẹ́, ó fi fọ́tò ìdúpẹ́ ránṣẹ́ sí Tíolúwaní, ó sì béèrè. Ọmọ náà kọ̀wé padà.

"Mamma, non abbiamo vinto niente."

Wọn kò borí ẹnikẹ́ni. Tíolúwaní wá ṣàlàyé díẹ̀díẹ̀, ní èdè Italy gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà máa ń kó ara wọn jọ sí líìgì-líìgì. Líìgì kọ̀ọ̀kan ló ń ta àwòrán ìdíje rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Bọ́ọ̀lù àwọn ọkùnrin, ti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń wọ akoto gbá, ni tẹlifíṣọ̀n ń wá, nítorí òun ni èrò ń wò jù. Líìgì tó fẹ́ kí àdéhùn rẹ̀ tóbi sí i á wá yunifásítì tí àwọn ọkùnrin rẹ̀ ní olùwòran púpọ̀, á sì fà á wọlé. Bí àwọn ọkùnrin bá ti lọ, gbogbo àwọn yòókù á kó ẹrù tẹ̀ lé wọn, ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́, ẹni tó ń sáré, ẹni tó ń gbá fọlibọ́ọ̀lù. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè.

"Ṣé kò wá dára ni?" ni Àrínọlá bi í.

"Tutto bene, mamma."

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹsàn-án dé. Àrínọlá so wáyà mọ́ tẹlifíṣọ̀n bí ó ti máa ń ṣe. Ohun tó jáde ni ìlà ọ̀rọ̀ funfun kan lójú dúdú, pé a kò lè wo ìdíje yìí ní orílẹ̀-èdè tí ẹ wà. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó ra líìgì tuntun náà kò ta á dé Italy. Boaz gbìyànjú lórí fóònù tirẹ̀. Ìlà funfun yẹn náà ni. Líìgì ọ̀hún sì gùn láti etí òkun kan Amẹ́ríkà dé èkejì. Àwọn tí Tíolúwaní ń fi bọ́ọ̀sì lọ bá tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú ló ń gbé e lọ sí ibi tí àwọn tuntun wà báyìí, ìdíje tó máa ń bọ́ sí ọ̀sán Sátidé sì ti di ti alẹ́ Fúráídè ní California, nígbà tí Padova wà lójú oorun.

"Oggi gioca?" ni Signor Matteo bi í. Ṣé ó ń gbá lónìí?

"Ó ń gbá, Signore. Àwa ni a kò rí i."

Bàbá náà ní kí ó yí i sí ètò àwọn tó ń se oúnjẹ.

Ohun tó ṣẹ́kù ni ojú ewé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà sí. Orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, iye ìgbà tó gbá bọ́ọ̀lù tó wọlé sì wà níwájú rẹ̀. Ní àárọ̀ Sátidé nínú tram, Àrínọlá á ṣí i. Méjìlá. Mọ́kànlá. Á pa fóònù, á sì máa wo ìta títí tram fi dé Guizza. Inú rẹ̀ kì í dùn, kì í sì í bàjẹ́. Ó dà bí ìgbà tí dókítà eyín bá gún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora: ó mọ̀ pé ẹnu òun wà níbẹ̀, àmọ́ kò gbọ́ ọ lára.

Ìjọ kò jẹ́ kí ó sinmi. "Mọ́mì Tíolú, àwọn líìgì ńláńlá ńkọ́?"

"Ó gbá mọ́kànlá wọlé," ni Àrínọlá á wí, bí ẹni tó wò ó.

"Ẹ gbọ́ ọ! Wọ́n ti di kọ́mẹ́ńtétọ̀!" Sístà Àyọ̀kẹ́ á pàtẹ́wọ́. "Ẹ máa fún wa ní gbogbo rẹ̀ o, kò gbọdọ̀ ku ẹyọ kan!"

Nígbà tí oṣù kẹwàá wọlé, nọ́ńbà náà di méje. Lẹ́yìn náà ó di mẹ́ta. Ní Sátidé kan, orúkọ wà níbẹ̀, iwájú rẹ̀ sì ṣófo.

Ó pe ọmọ rẹ̀. "Tutto bene, mamma. Kóòṣì ló ní kí n sinmi," ló sọ, ní èdè Italy. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún ṣófo. Boaz ní bí kóòṣì bá ní kí ènìyàn sinmi, kí ó sinmi ni. Àrínọlá gbọ́. Ó fọ abọ́, ó pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó lọ síbi iṣẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí wọ́n bi í, ó ní, "Ó gbá mẹ́jọ." Irọ́ ni. Òun alára mọ̀ pé irọ́ ni, kò sì ṣe é bí nǹkan kan.

Ní Sátidé kẹta, agogo mẹ́rin ọ̀sán, ó ń gbé omi gbígbóná fún ẹsẹ̀ Signor Matteo nígbà tí ó rí i pé òun ti gbé abọ́ náà kalẹ̀, òun sì ti ń tẹ nọ́ńbà ọmọ òun, ti fídíò. Tíolúwaní gbé e. Ojú rẹ̀ kún fóònù láti etí kan dé èkejì. Kò sí ọrùn, kò sí èjìká.

"Ciao, mamma. Tutto be..."

"Dìde."

"Perché?" Nítorí kí ni?

"Dìde ńlẹ̀. Gbé fóònù yẹn sórí tábìlì, kí ó dúró dáadáa. Rìn lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn, kí o rìn padà."

Signor Matteo, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà ní ìhòòhò lórí aṣọ ìnura, na ọrùn láti wò. Àwòrán mì, ó wo àjà, ó wo ògiri, ó wá dúró. Tíolúwaní dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ga ju bí Àrínọlá ti rántí lọ, ó sì ti rù. Ó mú ọ̀pá kan lára ògiri, ó rìn.

Ìṣísẹ̀ mẹ́fà lọ, mẹ́fà bọ̀. Àrínọlá wo orúnkún náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ọwọ́ òsì," ló ní.

"Cosa?" Kí ni?

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń dùn ọ́. Ọwọ́ òsì ni kí o fi mú ọ̀pá, kí o sì gbé òun àti ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ pọ̀. Ta ló ní kí o mú un bẹ́ẹ̀ yẹn?"

Ibẹ̀ ni Tíolúwaní ti bú sẹ́kún. Nínú ẹkún ló ti sọ ọ́, pé àwọn wọ ọkọ̀ òfuurufú ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin láàárín ọjọ́ mọ́kànlá, pé orúnkún náà wú, pé òun ṣì gbá bọ́ọ̀lù lé e lórí, pé nǹkan kan já nínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan ní California. Ọjọ́ Túsìdeè ni wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ. Òun kò fẹ́ kí ìyá òun mọ̀.

"Kí ló dé?"

"Avete fatto il ringraziamento."

Ẹ ti ṣe ìdúpẹ́. Níwájú gbogbo ìjọ. Ó rí fọ́tò náà, ó rí kóòtù bàbá rẹ̀, ó rí ìyá rẹ̀ láàárín àwọn tó ń jó.

Àrínọlá retí kí nǹkan kan ṣe òun. Kò sí. Ó bi ọmọ náà ní orúkọ dókítà, ó bi í ní agogo mélòó, ó bi í bóyá ilé ẹ̀kọ́ ni yóò san án, ó kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn páálí oògùn Signor Matteo.

"Ní Sọ́ńdè, èmi fúnra mi ni n ó sọ fún wọn," ló wí. "N ó ní ìdúpẹ́ yẹn, èmi ni mo ṣì í ṣe. Nu ojú rẹ. Mú ọ̀pá sí ọwọ́ òsì. Tún un rìn."

Tíolúwaní tún un rìn.

"Rárá. O ń fi ara tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Jẹ́ kí ọ̀pá gbé ọ. Lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ó rìn ín lẹ́ẹ̀kẹta. "Brava," o káre, ni Signor Matteo wí láti orí àga, ó sì na ọ̀pá tirẹ̀ sókè láti fi hàn án.

Tíolúwaní jókòó, ó ń mí. Ó na ọwọ́ sí fóònù. "Chiudo, mamma?" Ṣé kí òun pa á?

"Má pa á. Fi í síbẹ̀. Ṣe ohun tí ò ń ṣe."

Ọmọ náà fa ìwé kan sún mọ́ra, ó gbé ẹsẹ̀ lé orí ìrọ̀rí. Àrínọlá gbé fóònù ti ara agolo ṣúgà lórí tábìlì, níbi tí òun ti lè máa rí i. Omi ti tutù. Ó lọ bu òmíràn, ó padà wá kúnlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹsẹ̀ bàbá náà láti ọmọ ìka.