Ohùn Tí Ń Kí Ni, Tí Kì Í Gba Èsì

Tìbínú-tìbínú ni Màmá Sẹ̀gilọlá fi wọ ọkọ̀ láti Ìmẹ̀sí-Ilé dé Òṣogbo lọ́jọ́ náà, ẹ má sì dá a lẹ́bi. Ìjọba ló ní òun fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fáwọn àgbà lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹni tó bá fẹ́ pe nọ́ńbà kan kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ojú ọ̀tún Màmá ti lọ pátápátá, tòsì náà ti ń ṣú. Bí wọn ò bá tètè ṣe é, ó parí nìyẹn.

Ó kúkú pè. Ohùn obìnrin kan ní, “Ẹ káàárọ̀ o, ẹ káàbọ̀.” Ta ló máa kí àgbà Ìjẹ̀ṣà tí kò ní dáhùn? “Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo jí? Ọkọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?” Kó tó béèrè ará ilé tán, obìnrin náà ti ka nọ́ńbà tí èèyàn máa tẹ̀ lọ rẹrẹ, ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan, ó sì gé fóònù mọ́ ọn létí. Màmá tún pè, ó tún kí i, obìnrin náà tún gé e. Ẹ wo ìwọ̀sí!

“Màmá, ẹ̀rọ ni,” ni Oyèṣọlá aládùúgbò rẹ̀ wí. “Ẹ má kí i mọ́.”

“Ẹni tó kọ́ ẹ̀rọ ní ìkíni, kí ló dé tí kò kọ́ ọ ní sùúrù?”

Ó panu mọ́ lóòótọ́, àmọ́ ojú ò rí bọ́tìnnì. Nọ́ńbà tó tẹ̀, àjẹsára adìẹ ni wọ́n ń ṣàlàyé fún un.

Ló bá gba ọ́fíìsì wọn ní Òṣogbo lọ. Mukhtar, òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ní, “Orí fóònù nìkan la ti ń gba orúkọ, mà.”

“Èmi rèé níwájú rẹ!”

“Mo rí yín, mà. Ẹ pè.”

Màmá dúró síbẹ̀, ó fi ìka wá bọ́tìnnì fóònù ọwọ́ rẹ̀ títí, fóònù orí tábìlì bá dún. Mukhtar gbé e. “Ẹ káàárọ̀ mà, kí la lè ṣe fún yín?” Ohùn rẹ̀ ti tutù pẹ̀sẹ̀. Wọ́n ń wo ara wọn lójú, Màmá ń sọ orúkọ sínú fóònù, títí wọ́n fi fún un lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ.

Ó yẹ kínú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n inú ń bí i. “Ọmọ mi, àwa tí a ò ríran lẹ ní ká máa wá nọ́ńbà tẹ̀?”

Fóònù tún ń dún. Mukhtar wò ó, kò gbé e.

“Gbé e,” ni Màmá wí. “Ẹlòmíràn tí kò ríran ni.”