Ọmọ Mi Tó Ń Dán Ẹ̀rọ Bàálù Wò

Àkọ́bí mi, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, kò wa bàálù rí. Kọ ìyẹn sílẹ̀ kó hàn, nítorí Ìyá Awakọ̀-Bàálù ni gbogbo Ṣakí ń pè mí láti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Òkè Ọya ló ti ń ṣiṣẹ́ ológun, nínú yàrá tí wọ́n ti ń dán ẹ̀rọ bàálù ogun wò kí wọ́n tó gbé e sínú bàálù.

Ó wálé fún Iléyá kan, ó bá mi nídìí ẹ̀gẹ́, ó mú ọ̀bẹ, a jọ ń bó o.

"Ìyá, orí tábìlì la máa ń tò wọ́n sí: rédíò, èyí tó ń tọ́ka ọ̀nà, èyí tó ń rí ọ̀tá lókèèrè. Tí a bá tan ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn dáa. Tí a bá so wọ́n pọ̀, ìjà dé. Èyí á pa tọ̀hún lẹ́nu mọ́."

"Orogún ni wọ́n nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín títí ọ̀bẹ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Orogún pọ́ńbélé! Èmi ni mò ń wá ẹni tó dá ìjà sílẹ̀."

"Ìwọ kì í bá wọn gòkè?"

"Tábìlì kì í fò, Ìyá."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ń rí oorun sùn.

Nígbà ọyẹ́ ni wọ́n ránṣẹ́ pé ó ti kú, pé wọ́n ń gbé e bọ̀. Àwa Mùsùlùmí kì í sin òkú tòun ti pósí, nítorí náà sàréè tí wọ́n gbẹ́ kò fẹ̀ ju èèyàn lọ. Pósí ni àwọn ológun gbé dé, ìṣó yí i ká.

"Ẹ ṣí i," ni mo wí. "Ojú rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ rí."

Ọ̀gá wọn mi orí. "Ẹ má bínú, Ìyá. Kò ṣeé ṣí."

Àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ bá tún kó sínú sàréè, wọ́n ń fẹ̀ ẹ́. Mo jókòó ti pósí, mò ń gbọ́ ọkọ́ lára òkúta. Ológun kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nídìí tábìlì wá lóṣòó tì mí.

"Lórí tábìlì wa, Ìyá, gbogbo ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ geere. Tó bá dókè, rédíò á kú. A tú u, a tún un so, a ò rí nǹkan kan. Ló bá ní òun á bá wọn gòkè lọ gbọ́ ọ. Bàálù náà sì já."

"Ta ló rán an?"

"Kò sẹ́ni tó rán an. Mo ní kó má lọ. Ó ní tí òun ò bá lọ, ọmọ ẹlòmíì ni rédíò máa kú mọ́ lọ́wọ́ nínú ìkùukùu."

"Ṣé ẹ ti wá mọ ohun tó ń pa rédíò náà?"

Ó wolẹ̀. "A ò tíì mọ̀ ọ́n, Ìyá."

Nígbà tí sàréè fẹ̀ tó, Àfáà béèrè apá ibi tí orí rẹ̀ wà, kí wọ́n lè kọjú rẹ̀ sí gábàsì. Àwọn ológun ń wo ara wọn.

Mo gbé ọwọ́ lé apá kan pósí náà. "Ibí ni."

Ibẹ̀ náà ni wọ́n gbà pé orí rẹ̀ wà.