Òórùn Iná Nílé Ìyá Mi

Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ pé ògiri ń rùn. Wọ́n pè mí láti Oǹdó nígbà tí mò ń sáré kọ ìròyìn ní Àkúrẹ́.

"Nǹkan ń jóná nínú ilé yìí, mi ò sì rí i."

Mo ní kí wọ́n wo ilé ìdáná.

"Ilé ìdáná kọ́. Ògiri ni."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, aládùúgbò wọn, obìnrin aránṣọ kan, ló tún pè mí. "Bùrọ̀dá, ẹ wá wo Màmá o. Aṣọ kan náà ni wọ́n ń gbẹ látàárọ̀. Wọ́n á kó o jáde, wọ́n á tún kó o padà. Wọ́n á wá gbé imú lé ògiri, ẹ má bínú o, bí ajá tó ń wá eku."

Dráyà, ẹ̀rọ tó ń fi ooru mú aṣọ gbẹ, ni wọ́n ń lò. Àbúrò mi tó wà ní Kánádà ló fi ránṣẹ́. Láti ìgbà tí ìyá wa ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni wọ́n ti ń fọ àwọn aṣọ funfun orí pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, òjò Oǹdó kì í sì í jẹ́ kí aṣọ funfun gbẹ dáadáa. Bíríkìlà ti lu ògiri, ó ti páìpù gba ibẹ̀ kí ooru ẹ̀rọ náà lè máa jáde síta.

Mo ròyìn fún àbúrò mi. "Ẹ̀gbọ́n, bí ti ìyá bàbá wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí."

Mo rántí. Kí ìyá bàbá wa tó kú, wọ́n ti gbàgbé orúkọ gbogbo wa.

"Ẹ mú wọn wá sọ́dọ̀ yín ní Ìsìkàn, ní Àkúrẹ́ níbẹ̀," ni àbúrò mi wí. "Ẹ ti ilé Oǹdó pa."

Owó oṣù tíṣà ni ìyá mi fi kọ́ ilé yẹn. Gbogbo ọ̀nà Oǹdó ni mo fi ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi bẹ̀rẹ̀.

Wọn kò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. "Ẹ ti ní orí mi ti dàrú, àbí?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, Màmá?"

"Aránṣọ ni. Ó rò pé kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lòun ń sọ̀rọ̀. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́."

Iṣẹ́ mi ti kọ́ mi pé kí n tó pe ẹlẹ́rìí ní aṣiwèrè, kí n kọ́kọ́ lọ wo ibi tó ń sọ. Mo ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà. Kò pẹ́ tí èmi náà fi gbọ́ òórùn, bí ìgbà tí áyọ́ọ̀nù bá pẹ́ jù lórí aṣọ. Mo fọwọ́ kan ògiri. Ó gbóná. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti bẹ̀rù.

Mo pa á, mo yí lọ sẹ́yìn ilé. Aránṣọ ti dúró síbẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì fèrèsé ni wọ́n dè mọ́ ẹnu páìpù. Ìdọ̀tí aṣọ ti dì sẹ́yìn rẹ̀ bí òwú ìrọ̀rí, apá kan rẹ̀ ti ń dúdú. Ooru kò rọ́nà jáde; abájọ tí aṣọ kan náà kò fi gbẹ látàárọ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rù tó bà mí.

"Ta ló de nẹ́ẹ̀tì yìí?"

"Èmi ni," ìyá mi dáhùn láti ojú fèrèsé. "Kí ejò máa bá mi gbélé ni?"

Aránṣọ gbè wọ́n lẹ́yìn: "Ihò wo ni a kì í fi nẹ́ẹ̀tì sí?"

Mo pe àbúrò mi, mo jẹ́ kí gbogbo wa gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó figbe ta. Ó ní òfin ilé kíkọ́ níbi tí òun wà kò gbà á: páìpù dráyà gbọ́dọ̀ jẹ́ irin, kó má gùn jù, kó yọ síta pátápátá, kó má parí sínú àjà, kí nẹ́ẹ̀tì má sì sí lẹ́nu rẹ̀. Ìdérí ni wọ́n ń fi sí i, èyí tí atẹ́gùn ẹ̀rọ ń ṣí, tó sì ń pa dé fúnra rẹ̀.

"Màmá, ilé ìbá jóná mọ́ yín lórí!"

"Ṣé àwọn tó ṣòfin yẹn ní ejò?"

"Yìnyín ni wọ́n ní, Màmá."

"Èmi ní ejò. Ẹ wá ìdérí náà wá."

Mo já nẹ́ẹ̀tì náà, mo kó ìdọ̀tí inú páìpù kúrò, mo ní kí wẹ́dà ṣe ìdérí. Nígbà tí a tún tan ẹ̀rọ náà, ìdérí ṣí, ooru fẹ́ lu aránṣọ lójú, ó sá sẹ́yìn.

Àbúrò mi bi mí bóyá mo ṣì ń mú wọn bọ̀ ní Ìsìkàn. Mo ní kò sẹ́ni tó ń lọ síbì kankan.

Ìyá mi fa aṣọ pẹpẹ kan yọ, wọ́n fi bò mí nímú. "Gbóòórùn rẹ̀."

Ọṣẹ nìkan ni mo gbọ́. Wọ́n ti yọ orí síta lójú fèrèsé: "Aránṣọ! Ó gbẹ o! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo! Lọ sọ ìyẹn náà fún wọn!"