Sìgá Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n Nínú Ewé Obì

Mo rántí àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú ọyẹ́, tí mo gbé àpótí ẹrù ọmọ mi obìnrin lé orí òṣùwọ̀n kòkó ní Dùgbẹ̀. Akọ̀wé ni mí nígbà náà ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ra kòkó. Èmi ni mo máa ń dúró ti òṣùwọ̀n, tí mo sì máa ń kọ ohun tó bá sọ sínú ìwé. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ náà, kò sí àgbẹ̀ kan tó lè sọ pé mo fi ìka tẹ òṣùwọ̀n láti rẹ́ òun jẹ. Nítorí náà, nígbà tí òṣùwọ̀n dúró ṣinṣin lórí pọ́ùn mẹ́rìnlélógójì, inú mi dùn bí ẹni pé ọmọ náà ti dé Lọ́ńdọ̀nù láyọ̀. Pọ́ùn mẹ́rìnlélógójì ni àwọn oníbàlúù sọ pé ẹnì kan lè gbé. Kò lé, kò dín. Mo fi okùn di àpótí náà ní ọ̀nà mẹ́ta, mo gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ mi, mo sì ń rọra tì í lọ sílé wa ní Òkè-Àdó.

Àkọ́bí wa ni ọmọ yìí. Ọmọ ogún ọdún ni, ilé ìwòsàn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ti gbà á láti wá kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Kí wọ́n tó fún un ní yàrá níbẹ̀, yóò gbé oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ tọkọtaya àgbàlagbà kan tí ìjọ wa fi lẹ́tà bá wa wá. Oṣù mẹ́ta yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti ìgbà Kérésì. Bàlúù kọ́ ni mo ń bẹ̀rù jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo bẹ̀rù òun náà. Ẹnu ọ̀nà ilé àjèjì yẹn ni mo ń rò: ojú tí wọn yóò fi wo ọmọ mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó bá kan ilẹ̀kùn. Bàbá mi máa ń sọ pé ojú onílé ni àlejò ń wò kó tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Ọkọ nínú tọkọtaya náà ti fi fọ́tò wọn ránṣẹ́, kí ọmọ wa lè dá wọn mọ̀ ní pápá bàlúù. Mo gbé fọ́tò náà lọ sí ojú fèrèsé, mo wò ó fínnífínní. Ìyàwó sanra díẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ wọ kóòtù dúdú, ó fi òdòdó sí àyà, ó sì mú sìgá ńlá kan dání, irú èyí tó nípọn bí àtàǹpàkò, tí wọ́n fi odindi ewé tábà ká. Mo pe ìyàwó mi, mo ní, “Ó tán. Mo ti mọ ohun tí a ó fi kí bàbá yìí.”

Èmi kì í mu sìgá, n kò mu ún rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá mi òyìnbó ń fẹ̀yìn tì lọ sí ìlú rẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú, ó fún mi ní ẹ̀bùn ìdágbére: àpótí pákó pẹlẹbẹ kan tí wọ́n to sìgá ńlá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sínú rẹ̀, àpò awọ kékeré tó ń gba mẹ́ta, abẹ tí wọ́n fi ń gé orí rẹ̀, àti láítà kan tó ń dán bíi fàdákà. Kò béèrè bóyá mo ń mu ún, ojú sì ń tì mí láti sọ. Mo tọ́jú gbogbo rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù bí ẹni tọ́jú ìwé ilẹ̀. Nílẹ̀ wa, a kì í fi ọmọ lé ẹnì kan lọ́wọ́ ní ọwọ́ lásán. Ẹni tí a bá fẹ́ kó gba ọmọ wa tọwọ́tẹsẹ̀, ohun tó fẹ́ràn la fi ń kí i. Mo gbà lọ́kàn mi pé sìgá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n yẹn ni yóò ṣí ilẹ̀kùn náà fún ọmọ mi.

Ìgbà tí mo ṣí àpótí sìgá ni mo rí i pé ọyẹ́ ti ṣiṣẹ́ rẹ̀. Mo tẹ ọ̀kan, ó dún bí ewé gbígbẹ lábẹ́ ẹsẹ̀. Mo jókòó tì í. Ìyá ìyàwó mi, tó wá láti Ọjàaba kó lè bá wa sin ọmọ ọmọ rẹ̀ sọ́nà, bá mi níbẹ̀.

“Kí lẹ̀ ń wò bí ẹni ń ṣọ́ òkú, àna mi?”

“Sìgá ni, Màámá. Ó ti ń gbẹ. Kó tó dé ọ̀hún, yóò ti fọ́ sí wẹ́wẹ́.”

Ó mú ọ̀kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi ìka yí i. “Ṣebí ewé náà nìyí?”

“Ewé ni, Màámá.”

“Ewé sì ń gbẹ, ẹ jókòó tì í, ẹ ń wò ó. Ẹ wá ewé gbòdògì tútù fún mi.”

Obì ni ìyá yìí ti ń tà kí a tó bí ìyàwó mi. Ó máa ń fọ́nnu pé obì tí òun bá fọwọ́ ara òun fi ewé yìí dì, yóò dé Kánò bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú èèpo. Ó nu ewé náà, ó tẹ́ ẹ sínú àpótí pákó, ó to sìgá lé e, ó sì fi ewé bo orí rẹ̀. Mo ka ewé náà: mẹ́jọ ni. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi.

Ó ku láítà. Ó ṣófo. Ìyàwó mi ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo bi í pé ṣé òun náà kò mọ̀ pé a kì í gbé abọ́ òfìfo fún ẹni tí a ń bẹ̀ ni. Mo tọrọ bẹntiróòlù díẹ̀ lọ́wọ́ dírẹ́bà ilé iṣẹ́ wa, mo sì rọ ọ́ kún dé ẹnu.

Kí n sọ òtítọ́, kì í ṣe sìgá nìkan ni mo dì. Mo di kuníìnì, mo di búláńkẹ́ẹ̀tì, mo di ìwé kan tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ, ojú ewé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, lórí bí a ṣe ń sọdá títì, bí a ṣe ń sùn nítòsí iná, àti irú ẹni tí a kì í dá lóhùn nínú ọkọ̀. Mo sì di áyọ́ọ̀nù eléèédú, nítorí mo ti gbọ́ pé aṣọ kì í tètè gbẹ níbẹ̀, aṣọ tútù sì lè fa òtútù àyà. Àṣejù, baba àṣetẹ́, ni ìyàwó mi ń wí kiri ilé. Mo ń di ẹrù mi lọ. Lẹ́yìn náà ni mo gbé gbogbo rẹ̀ lọ sórí òṣùwọ̀n ní Dùgbẹ̀, bí mo ti sọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, gbogbo wa lọ sí pápá bàlúù tó wà ní Sámọ́ńdà nígbà náà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Agbówó. Pápá kékeré ni, koríko ló pọ̀ níbẹ̀. Bàlúù kékeré ni yóò gbé wọn dé Èkó, kí wọ́n tó bọ́ sínú ńlá. Akọ̀wé oníbàlúù, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ẹ̀wù funfun rẹ̀ le gbagidi, gbé àpótí wa lé òṣùwọ̀n.

“Mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ó fi pọ́ùn méjì lé, sà.”

Mo rẹ́rìn-ín. “Ẹ tún un wò. Èmi fúnra mi ni mo wọ̀n ọ́n. Mẹ́rìnlélógójì ni.”

Ó tún un gbé. “Mẹ́rìndínláàádọ́ta.”

“A jẹ́ pé òṣùwọ̀n yín ni kò dúró dáadáa. Òṣùwọ̀n ni iṣẹ́ mi.”

“Mo gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n yìí kò mọ̀ yín.”

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi imú fa afẹ́fẹ́ lórí àpótí. Ojú rẹ̀ yí padà. “Bẹntiróòlù ni mò ń gbóòórùn rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí i.”

Bí mo ṣe tú okùn mi ní ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìyẹn, lójú gbogbo èrò ọkọ̀. Láítà ni mo kọ́kọ́ yọ. Ó ti jò díẹ̀ sára aṣọ tí mo fi wé e. Akọ̀wé náà sọ fún mi jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé kò sí bàlúù tó ń gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó mú mi lọ sí ẹ̀yìn ilé, mo da bẹntiróòlù náà sínú yanrìn, mo sì ń wò ó bó ṣe ń gbẹ. Ó dùn mí pé òfìfo ni bàbá yẹn yóò gbà.

Nígbà tí mo padà, mo ṣí àpótí sìgá láti mọ̀ bóyá òórùn náà ti wọ ibẹ̀. Kò wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ewé mẹ́jọ mi ti di mẹ́rìndínlógún, omi ń kán lára wọn, obì àbàtà pupa mẹ́wàá sì jókòó sí àárín sìgá bí ìjòyè. Mo yíjú sí ìyá ìyàwó mi. Ó ń wo ojú ọ̀run.

“Màámá.”

“Lánàá, nígbà tí ẹ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ni mo tú okùn, tí mo pààrọ̀ ewé, tí mo sì tún un dì. Ẹ kì í bu omi sí nǹkan tó. Àti pé ta ló ń fi tábà nìkan kí ènìyàn? Ṣé bàbá yẹn kò ní gbàdúrà fún ọmọ wa ni?”

Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé ní kí a yára yọ ohun tí a bá máa yọ, nítorí bàlúù ti fẹ́ gbéra. Mo na ọwọ́ sí obì. Ọmọ mi, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, di ọwọ́ mi mú.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́ fúnra mi.”

Ó ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpótí, ó fa áyọ́ọ̀nù jáde, ó sì gbé e fún mi. “Níbo ni n ó ti máa rí èédú ní Lọ́ńdọ̀nù, Bàbá mi?”

Ọmọ tí mo fi ojú ewé mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ni ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo tí kò sí nínú ìwé náà. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Áyọ́ọ̀nù náà wọn pọ́ùn mẹ́fà, àpótí wá di ogójì géérégé. Kí ẹnikẹ́ni tó mí, ìyá ìyàwó mi ti tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó gbé àpò èlùbọ́ kan jáde, ó kì í sínú àyè náà. A tún gbé e lé òṣùwọ̀n. Mẹ́rìnlélógójì. Akọ̀wé náà wò mí, mo wò ó, àwa méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí bàlúù ń sáré lọ lórí pápá, mo sáré tẹ̀ lé e dé ibi okùn tí wọ́n ta, mo sì ń juwọ́. Ẹ̀yìn ìgbà tí ó ti wọ inú ìkùukùu ọyẹ́ lọ ni ìyàwó mi fi hàn mí pé áyọ́ọ̀nù ni mo ń jù sókè sódò. Ọmọ wa kọ ọ́ sínú lẹ́tà lẹ́yìn náà pé láti ojú fèrèsé, òun kò rí ojú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n òun rí irin kan tó ń kọ mànà, òun sì mọ̀ pé Bàbá òun nìyẹn.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni mo kà kí lẹ́tà tó dé. Méjì ló wà nínú àpò ìwé kan náà. Èyí tí onílé kọ ni mo kọ́kọ́ kà. Ó dúpẹ́ gidigidi, ó wá ní òun ní láti jẹ́wọ́: òun kì í mu sìgá. Wọ́n fi ọ̀kan sí òun lọ́wọ́ níbi ìgbéyàwó àbúrò òun ni, nítorí fọ́tò. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun ṣí àpótí náà, tí òun rí sìgá tó tutù minijọ nínú ewé, òun mọ̀ pé ẹnì kan ti fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ tọ́jú rẹ̀. Òun pe àwọn aládùúgbò ní ọjọ́ Ìsinmi. Ọmọ wa pa obì fún gbogbo wọn, ó ṣàlàyé ohun tí à ń fi í ṣe, ó sì gbàdúrà. Bàbá tó ń gbé ilé kejì jẹ ẹ́, ó dijú, ó béèrè bóyá oògùn ikọ́ ni. Òun wá fún àlejò kọ̀ọ̀kan ní sìgá kan láti mú lọ sílé, mẹ́rìnlélógún lápapọ̀. Ó parí lẹ́tà rẹ̀ báyìí pé láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó ń béèrè ní àdúgbò àwọn mọ́ pé ta ni ọmọbìnrin yẹn.

Mo ka gbólóhùn ìkẹyìn yẹn sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyàwó mi ti ń di ikùn mú fún ẹ̀rín. “Ẹni tí kì í mu sìgá fi sìgá kí ẹni tí kì í mu sìgá,” ó wí, ó sì lọ sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀. Èmi sùn fọnfọn lọ́jọ́ náà, ní ọ̀sán gangan, lórí àga.

Ó ti pẹ́ gan-an. Ilé alájà púpọ̀ ti kún Dùgbẹ̀, n kò sì lè tọ́ka sí ibi tí òṣùwọ̀n mi wà mọ́. Ìyá ìyàwó mi ti lọ sinmi. Ọmọ náà kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ tán, ó padà wálé, òun náà sì ti ní ọmọ tó ń rìnrìn-àjò. Nígbà tí ọmọ mi ń padà bọ̀ wálé, bàbá onílé yẹn fi àpótí pákó náà rán an sí mi. Sìgá kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ìkẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, èyí tó tọ́jú fún ara rẹ̀. Ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi. N kò tíì mu sìgá di òní, n kò sì ní mu ún. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, mo máa ń rán ènìyàn lọ ra ewé gbòdògì tútù fún mi, mo máa ń nù ún, mo sì máa ń pààrọ̀ ti tẹ́lẹ̀. Ewé méjì péré ló ń gbà.