Omi Àdúrà Nínú Ẹ̀rọ Ìkùukùu

Ikọ́ màmá mi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí i. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ilé wa ní Ẹ̀fọ̀n ni, àpò mi ṣì wà léjìká, ọyẹ́ sì ti bo òkè débi pé n kò rí igi kan lórí rẹ̀. Ikọ́ náà gùn, ó dún bí ìgbà tí ẹrẹ̀ dí páìpù. Ó pẹ́ tí mo ti mọ ikọ́ màmá mi. Èyí kì í ṣe èyí tí mo mọ̀.

Gbígbẹ ni tirẹ̀ máa ń gbẹ. Ẹfun ìkọ̀wé àti èéfín igi ìdáná ti ba àyà rẹ̀ jẹ́ láti ìgbà tó ti ń ṣe tíṣà. Bí ọyẹ́ bá dé, ọ̀fun rẹ̀ á gbẹ, á sì máa jà fún èémí. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ní Adó ló ní kí a wá ohun tí yóò máa mú kí afẹ́fẹ́ yàrá rẹ̀ ní omi díẹ̀ nínú. Àbúrò mi obìnrin tó wà lókè òkun fi ẹ̀rọ kan ránṣẹ́: ike funfun kan tó tó ìkòkò ọbẹ̀, tí a ń bu omi sí nínú, tó ń tú ìkùukùu jáde lórí. Ẹ̀rọ ìkùukùu la ń pè é. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, màmá mi ń sùn bí ọmọ ọwọ́.

Mo wọlé, mo kí i. Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sórí rẹ̀, òórùn bíi ti ọbẹ̀ ilá tó ti kan gbá mi nímú.

"Màámi, ìgbà wo lẹ fọ nǹkan yìí gbẹ̀yìn?"

"Kí ni n óò fọ̀ nínú rẹ̀? Omi àdúrà ló wà níbẹ̀."

Bó ṣe rí nìyẹn. Bí ẹgbẹ́ àdúrà bá gun òkè, màmá mi á gbé kẹ́ẹ̀gì omi lé wọn lọ́wọ́, wọn á gbé e sáàárín, wọn á gbàdúrà sí i, wọn á sì gbé e padà fún un. Omi yẹn ló ń bù sínú ẹ̀rọ. Dókítà ti sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé kí a máa da èyí tó bá ṣẹ́ kù nù lójoojúmọ́, kí a fọ ẹ̀rọ, kí a sì jẹ́ kó gbẹ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò da irú omi bẹ́ẹ̀ sí gọ́tà? Ńṣe ló ń bu tuntun lé ti àtijọ́.

Mo pa ẹ̀rọ náà, mo ki ìka bọ táǹkì. Ó ń yọ̀. Ohun kan tó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, ìpẹ́pẹ́ funfun sì ti bo ibi tí ìkùukùu ti ń jáde.

Kò pẹ́ rárá tí àyà màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé.

"Tàn án," ó ní. "Ọyẹ́ fẹ́ pa mí."

Mo tàn án. Ikọ́ olómi yẹn dé. Mo pa á, èémí gé. Mo tún tàn án. N kò mọ èyí tí ǹ bá ṣe mọ́. Mo pe àbúrò mi.

"Bùọ̀dá mi, ẹ da omi yẹn nù! Ohun tó wà nínú omi ni ìkùukùu ń gbé wọ inú àyà wọn."

"Wọn ò gbà."

"Ẹ dà á nígbà tí wọ́n bá sùn."

"Ṣé wọ́n ń sùn ni?"

Ó bú sẹ́kún. Mo gé fóònù, mo sáré lọ pe aládùúgbò wa, nọ́ọ̀sì kan tó ṣiṣẹ́ ní Arámọkọ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ó fetí lé àyà màmá mi, ó fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó wo táǹkì, ó sì fà mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Àyà Ìyá ń pariwo nísàlẹ̀. Ibà ti wọlé. Tí wọ́n bá ń fa ohun tó wà nínú omi yẹn símú lọ báyìí, a máa pàdánù wọn."

"Ẹ bá mi dà á nù, Mà."

Ó fà sẹ́yìn. "Èmi kẹ̀? Èmi náà wà lórí òkè lọ́jọ́ tí a gbàdúrà sí i. Gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì, mo ti sọ tèmi. Ìwọ akọ̀ròyìn tí kì í wá sí ìpàdé, lọ dà á."

Màmá mi gbọ́ wa láti inú yàrá. "Kó dà á," ó ní láàárín ikọ́. "Kó dà á nínú ulé mi, kó wá kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn."

Mo da omi inú táǹkì sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo gbé e lọ sẹ́yìnkùlé. Iṣẹ́ mi ti gbé mi dé ibi tí ilé ti wó pa èèyàn. Mo ti bi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ọmọ ní ìbéèrè, mo sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀, mo dúró tì í. Ohun tí àwọn ará ìjọ yóò sọ kọ́ ló bà mí lẹ́rù jù. Èémí díẹ̀ ló kù fún màmá mi láti fi jà, ó sì gbà pé omi yìí ló ń bá òun jà. Tí mo bá dà á nù, tó wá sọ̀rètí nù ńkọ́?

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Màmá mi ti jáde, ó ń fọwọ́ tọ ògiri, ìró ló so mọ́yà. Nọ́ọ̀sì dì í mú lápá.

"O ò tíì dà á?"

"Mi ò lè dà á, Màámi."

"Mo mọ̀. Ojo."

Ó tẹjú mọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì nínú oòrùn. Aṣọ fèrèsé kì í ṣí ní yàrá rẹ̀. Kò tíì rí omi náà nínú ìmọ́lẹ̀ rí. Nǹkan pupa yẹn léfòó bí awọ ẹ̀kọ.

"Èyí ni mò ń fà símú?"

"Òun ni, Ìyá," nọ́ọ̀sì dá a lóhùn.

Ohùn tíṣà ni màmá mi fi sọ̀rọ̀. "Mánà pàápàá, nígbà tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ kejì, ó rà. Ọ̀run ló sì ti wá." Ó na ọwọ́ sí mi. "Gbé apá kan. Kì í ṣe gọ́tà o. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀."

A jọ dà á síbẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì náà kò wúwo, ṣùgbọ́n màmá mi mí gúlegúle títí a fi mú un padà sórí bẹ́ẹ̀dì.

Nọ́ọ̀sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú omi gbígbóná. Mo dà á sórí ìpẹ́pẹ́ funfun náà títí ó fi rọ̀, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha á, mo ṣan táǹkì léraléra, mo sì sá a sóòrùn. A rẹ aṣọ ìnura sómi, a fi bo ojú fèrèsé kí afẹ́fẹ́ yàrá má baà gbẹ. Gbogbo bí ẹ̀rọ yẹn ṣe ń gbẹ, àyà màmá mi ń súfèé, mo sì ń lọ fọwọ́ kan táǹkì bí ẹni tó ń yẹ ẹ̀wà wò lórí iná. Nọ́ọ̀sì ń tẹ onímọ́tò tí yóò gbé wa lọ sí Adó láago. Kò gbé e.

Nígbà tó gbẹ, mo bu omi tí a ti sè tó ti tutù sí i. Màmá mi ní kí n má tíì tàn án. Ó gbé ọwọ́ lé e, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà tó máa ń gbà gùn jù nínú ìjọ. Ikọ́ dá a dúró ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ikọ́ tún dé.

"Ọlọ́run mọ ìyókù," ó ní. "Àmín. Tàn án."

Ìkùukùu náà jáde, kò ní òórùn kankan. Ó fà á símú díẹ̀díẹ̀. Iwájú orí rẹ̀ ṣì ń gbóná lábẹ́ ọwọ́ mi.

"Ojoojúmọ́ la ó máa ṣe báyìí?"

"Ojoojúmọ́, Màámi."

"Èmi ni n óò máa dà á nù. Ìwọ ò lè dà á." Ó dijú. "Tí ilẹ̀ bá mọ́ bá mi."