Eérú Lẹ́nu Ọ̀nà Yàrá Òfì

Ìgbà tí mo ṣì ń pààrọ̀ eyín ni ìfura ti wọ̀ mí lára, ẹ̀yin ọmọ, nítorí náà ẹ yéé fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé mo máa ń ti ilẹ̀kùn yàrá mi bí mo bá fẹ́ lọ wẹ̀ lásán. Ẹ ní mò ń fura jù. Ẹ ní mo máa ń wo ọwọ́ àlejò kí n tó wo ojú rẹ̀. Mi ò jiyàn. Ẹ ṣáà gbé fóònù yẹn sílẹ̀ díẹ̀, kí n sọ ibi tí mo ti kọ́ ọ fún yín.

Ní Kàbà yìí náà ni, nínú ilé tí bàbá mi kọ́ mọ́ ti ìyá rẹ̀. Ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ló ni yàrá òfì. Kì í ṣe irú òfì tí àwọn ọkùnrin ń na òwú rẹ̀ gba ìta lọ o. Òfì obìnrin ni, èyí tó máa ń dúró gbọnrangandan ti ògiri, tí obìnrin á jókòó síwájú rẹ̀ kó máa hun ún láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Nígbà náà, láti Ògìdì títí dé Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀, ṣàṣà ni ilé tí o máa yà tí o kò ní gbọ́ ìró igi lára òwú.

Irinṣẹ́ tí Ìyá Àgbà fẹ́ràn jù ni àpasà, pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń gbá òwú mọ́ra kí aṣọ lè fún. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti jogún un, ó sì ti ń dán bíi pé wọ́n fi òrí pa á. Ṣùgbọ́n àwọn ahunṣọ àdúgbò wa kì í pè é ní àpasà láàárín ara wọn. Adájọ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí bó bá ti sọ̀rọ̀, òwú tó jókòó kò ní dìde mọ́. Àwọn ọ̀pá tí wọ́n fi ń gbé òwú sókè náà ní orúkọ. Èyí tó nípọn ni Àgbà, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni Àbúrò, èyí tí wọ́n máa ń kì bọ̀ ọ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣe ọnà sára aṣọ ni Àlejò. Obìnrin tó bá ń fi òwú ṣòfò, ajẹwú ni wọ́n ń pè é, ó sì lè jẹ́ orúkọ yẹn títí tó fi máa kú. Bí Ìyá Àgbà bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ó máa ń bá àwọn ọ̀pá rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rán ọmọ níṣẹ́: "Àgbà, dìde. Àbúrò, jókòó. Àlejò, wọlé. Adájọ́, sọ̀rọ̀." Lẹ́yìn náà ni ẹ máa gbọ́ gbà!

Wọ́n tún ní èyí tí mo fẹ́ràn jù. Bí ẹni tí wọn kò fọkàn tán bá yọjú, ọ̀kan nínú wọn á kàn sọ pé, "Ó dà bíi pé òjò ń ṣú." Kíá, wọ́n á ti fi ògbólógbòó ìró bo òfì, kí ẹni yẹn má bàa rí ọnà tó wà lára rẹ̀. Ẹni tó wọlé á bọ́ síta, á máa wo ojú ọ̀run. Ọnà ahunṣọ ni orúkọ rẹ̀. Tìrẹ kì í jáde kí aṣọ tó kúrò lára òfì, nítorí bí ẹlòmíràn bá kọ́kọ́ gbé e dé ọjà, tirẹ̀ ló dà. Gbogbo ènìyàn ni òjò ń ṣú lé lórí, àfi ìyá arúgbó kan tó ń gbé ẹ̀yìn ògiri wa. Ahunṣọ lòun náà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́ kí wọ́n tó bí mi. Ó ṣì ń jókòó ti òfì rẹ̀, a sì gbà pé aṣọ funfun lásán ló ń hun, kí ọwọ́ rẹ̀ má bàa dilẹ̀. Bó bá fi ọ̀pá tálẹ̀ wọlé wá kí Ìyá Àgbà, kò sẹ́ni tó ń bo nǹkan kan.

Wàyí o, lọ́jọ́ ọjà kan, Ìyá Àgbà dé sílé pẹ̀lú agbọ̀n òfìfo. Kò ra iyọ̀, kò ra ẹja. Ó jókòó sórí àpótí, ó ní òun rí ọnà òun léjìká obìnrin oníṣòwò kan tó ń padà sí Ẹ̀gbẹ̀. Ọnà tí ó ṣì wà lára òfì nílé, tí aṣọ rẹ̀ kò tíì dé ìdajì. Ó sọ bẹ́ẹ̀, ó wá gbójú sókè, ó wo ìyá mi.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ ni ìyá mi. Kò sì tíì pẹ́ nígbà náà tó lọ kí àwọn ènìyàn rẹ̀. Èdè Ìyàgbà ló máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí inú bá ń bí i, àwa sì ń sọ Owé, èdè àwa ará Kàbà, àwọn ìyá àdúgbò a máa sín in jẹ, òun náà a bá wọn rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín mọ́. Bó bá ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni láti ọ̀nà ilé wọn, wọ́n á dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́. Bó bá wọ ibi tí àwọn ahunṣọ jókòó sí, mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi, ìyá kan wo ìta níbi tí oòrùn ti ń ràn yòò, ó ní ó dà bíi pé òjò ń ṣú. Ìyá mi mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ó yí padà lọ sí ilé ìdáná.

Ìyá Àgbà wá pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní kí n máa ṣọ́ ìyá mi. Ẹ gbọ́ o, ìyá tó bí mi. Ó ní bó bá ti gba ẹ̀gbẹ́ yàrá òfì kọjá, kí n wá sọ fún òun. Ó sì lọ kó eérú nínú ààrò, ó kù ú sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹsẹ̀ ẹni tó bá wọlé lè hàn níbẹ̀. Mo ṣọ́ ìyá mi. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń gúnyán, mo ń wo ibi tó ń wò. Ẹni tí kò bá tíì ṣe irú rẹ̀ rí kò lè mọ̀ ọ́n: bó o bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ènìyàn, gbogbo ohun tó bá ṣe ni yóò máa jọ olè lójú rẹ. Ó ń gbálẹ̀, mo ní kí ló ń wá nílẹ̀. Ó ń kọrin, mo ní ta ló ń kọrin ọ̀hún sí.

Kò pẹ́, ẹsẹ̀ hàn nínú eérú. Ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí ọmọńdinrín rẹ̀ tẹ̀ sínú. Ti ìyá mi ni. Ìyá Àgbà pe bàbá mi wá wò ó. Ìyá mi ní ọmọ ewúrẹ́ ló wọlé lọ, òun sì lé e jáde kó má bàa jẹ òwú. Ìyá Àgbà ní, "Ẹsẹ̀ ewúrẹ́ dà nínú eérú?" Lóòótọ́ ni ẹsẹ̀ ewúrẹ́ wà níbẹ̀, mo rí i, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ènìyàn ti tẹ̀ ẹ́ pa, ẹni tí kò bá fẹ́ rí i kò ní rí i. Mo ń nawọ́ sí i, kò sẹ́ni tó wo ọwọ́ mi.

Bàbá mi kò lu ìyá mi, kò pariwo. Ó kàn ní kó lọ sinmi díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Bí àwọn ọkùnrin ilé wa ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Ìyá mi kó ẹrù rẹ̀ sínú àpótí onírin kan, ó sì kúnlẹ̀ kí Ìyá Àgbà pé ó dàbọ̀. Ìyá Àgbà di mí mú kí n má bàa sáré tẹ̀lé ọkọ̀. Mo bú u lọ́jọ́ náà nínú ọkàn mi, mo sunkún títí ohùn mi fi há.

Ó yẹ kí ara tu Ìyá Àgbà nígbà tí olè ti lọ, àbí? Ìfura kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ ọnà tuntun, ó fi ìró bò ó mọ́jú, ó sì ń kó eérú tuntun sẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé mọ́, àní èmi alára. Láti ìta ni mo ti ń gbọ́ ọ: "Àgbà, dìde. Àbúrò, jókòó." Mo ń bínú sí àwọn ọ̀pá náà nítorí pé wọ́n rẹ́ni bá sọ̀rọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ní kí n gbé iṣu sísun lọ fún ìyá ẹ̀yìn ògiri. Mo dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, ìyá. Okun o. Ìyá Àgbà ní kí n gbé iṣu wá fún yín."

"Okun o, ọmọ mi," ó dá kíkí mi padà. "Gbé e síbẹ̀ yẹn."

Mo fẹ́ gbé e sílẹ̀ ni mo rí òfì rẹ̀. Kì í ṣe aṣọ funfun ló wà níbẹ̀. Ọnà tuntun Ìyá Àgbà ni. Mo ti yọjú wò ó láti ojú fèrèsé kí wọ́n tó bò ó, mo mọ̀ ọ́n. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tiwa dọ́gba. Mo ní, "Ìyá, ta ló fi ọnà yìí hàn yín?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló fẹ́ fi nǹkan han èmi? Ṣé ìyá rẹ àgbà kọ́ ló ń pè é fún mi lójoojúmọ́? Láti ìgbà tí ojú mi ti lọ, gbogbo wọn pa mí tì, àfi òun. Ó mọ̀ pé mi ò lè dá ọnà rò mọ́, ó ń pe tirẹ̀ sókè kí n lè rí nǹkan hun. Aṣọ kúkúrú ni tèmi, ó máa ń tètè bọ́ lára òfì, kí ọmọ mi lè rí nǹkan gbé lọ sọ́jà. Mo máa ń gbàdúrà fún un. Bá mi sọ fún un pé lánàá ó gbé ọ̀rọ̀ mì níbi tí Àlejò ti jáde. Mi ò gbọ́ bóyá Àgbà ló kàn tàbí Àbúrò. Kó jọ̀ọ́, kó sọ ọ́ síta."

Bí ó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ohùn gba inú ògiri wọlé: "Àgbà, dìde. Àlejò, wọlé." Ọwọ́ ìyá náà sì ń gbé ọ̀pá bí ohùn yẹn ṣe ń pè é. Ìgbà tí wọ́n dé Adájọ́, gbà kan dún lọ́hùn-ún, gbà kan dún níbí.

Mo sáré lọ bá Ìyá Àgbà, mo tẹ eérú mọ́lẹ̀ wọlé, mo jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Ó di Adájọ́ mú lókè. Ó ní, "Kí ni mo máa ń pè?" Mo pè é fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Pẹ̀lú ẹnu?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò mọ̀ rárá pé ohùn òun ń jáde. Ó ti bo ojú òfì mọ́ gbogbo ayé, ó sì ń ka ọnà rẹ̀ síta látàárọ̀ dalẹ́, ní ọ̀rọ̀ tí gbogbo ahunṣọ mọ̀. Ó gbé Adájọ́ sílẹ̀. Nígbà tó dìde, ó mú ìgbálẹ̀, ó gbá eérú náà fúnra rẹ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, a wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀gbẹ̀. Lójú gbogbo àwọn ẹbí ìyá mi, Ìyá Àgbà fẹ́ kúnlẹ̀, wọ́n rọ́ dì í mú. Ó ní, "Ìyàwó mi, ẹnu mi ló jí ọnà mi." Ìyá mi ní, "Ìyá, ó ti tán." Ó sì tẹ̀lé wa padà.

Ìyá Àgbà kò sọ fún ìyá ẹ̀yìn ògiri láé pé wọ́n lé ènìyàn nílé nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ń hun lọ, ó ń pè é sókè ju ti tẹ́lẹ̀, kò sì gbé ọ̀rọ̀ mì mọ́. Èmi o, títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ìyá afọ́jú yẹn gbà lóòótọ́ pé wọ́n ń pè é fún òun ni, tàbí ó kàn gbọ́n ju gbogbo wa lọ. Ẹ rí i bí ìfura ṣe ń ṣe mí.

Kò sí òfì mọ́ ní àdúgbò wa. Ẹ̀yin fúnra yín ń rán aṣọ, ẹ ń sín ìlẹ̀kẹ̀, ẹ ń ya fídíò ọnà yín fún gbogbo ayé, ọjọ́ kejì ẹ ní wọ́n jí i. Ẹ ti fi kámẹ́rà sí géètì mi, ẹ ní kí n fọkàn balẹ̀, pé yóò máa fi ojú ẹni tó bá wọlé hàn. Eérú náà nìyẹn. Ó ń fi ẹsẹ̀ hàn, kò lè sọ ohun tí ẹsẹ̀ wá ṣe.

Ẹ ní ìyá mi dárí jì í, òótọ́ ni. Ó tọ́jú Ìyá Àgbà títí tó fi kú, òun náà ló wẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti Ẹ̀gbẹ̀ dé, kò wọ yàrá kankan láìkọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó dàgbà tó wá ń gbé lọ́dọ̀ mi, ní ilé tèmi yìí, nígbà tí kò sẹ́ni nílé ju àwa méjèèjì lọ, á dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, á wúkọ́, á ní, "Èmi ni o." Mo máa ń ní, "Ìyá, ẹ wọlé, ilé yín ni." Á dúró síbẹ̀ ná, á wo ilẹ̀, kó tó gbé ẹsẹ̀.