Akájá Ẹnu Èbúté

Máutin Àjàní, ọmọ apẹja etí ọ̀sà, ọmọ a-fi-àjẹ̀-wọn-omi-kó-tó-tukọ̀, ọmọ omi-ń-ru-ọkàn-ò-mì, tíṣà tí ń fi ẹ̀rín kọ́ ọmọ, ọkọ mi. Òórùn èéfín ẹja ṣì wà lára àwọn aṣọ rẹ̀ tí mo kó sínú àpótí, nítorí ìdí ààrò mi ló máa ń jókòó sí láti kàwé. Ó ní ibẹ̀ nìkan ni ẹ̀fọn kò ti ń yọ òun lẹ́nu.

Abúlé wa wà láàárín ọ̀sà àti òkun. Àgbádárìgì wà ní òdìkejì, a ń wò ó. Ọkọ̀ la fi ń lọ sí ọjà, ọkọ̀ la fi ń lọ sí ọsibítù. Nígbà tí mo dé ilé ọkọ, iyanrìn lásán ni èbúté wa, ó lọ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wọnú omi, ẹrẹ̀ a sì máa mù wá dé orókùn. Ẹrẹ̀ yẹn ló mú kí àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó kó ara wọn jọ, tí wọ́n mọ ògiri kọnkéré fún wa, lọ́tùn-ún, lósì àti lẹ́yìn, tí èbúté wá dà bí yàrá tí omi wà nínú rẹ̀, tí kò ní ilẹ̀kùn. Ó dára lójú. A jó lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i.

Kò pẹ́ tí omi ibẹ̀ fi di oníjàngbọ̀n. Bí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì bá ti kọjá lójú ọ̀sà, omi inú yàrá náà a bẹ̀rẹ̀ sí í fì, a máa lọ, a máa bọ̀, a máa ga sí i. Ọkọ̀ tó kọjá a ti dé Àgbádárìgì, tiwa kò ní tíì dákẹ́. Ìyá Sẹ́nàmì tó ń ta àgbọn di ògiri mú lọ́jọ́ kan kó lè sọ̀kalẹ̀, ọkọ̀ gbá ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ibẹ̀, ọrùn ọwọ́ náà sì kán. Àwọn ọkùnrin ní ògiri ló kúrú, kí a gbé e ga. Wọ́n gbé e ga. Omi náà tún ga sí i. Ni àwọn obìnrin bá ní àwọn kò ní gúnlẹ̀ síbẹ̀ mọ́. Èbúté kejì sì jìnnà, nínú iyanrìn gbígbóná; ẹsẹ̀ ni aboyún àti arúgbó yóò fi wọ́ ọ dé ibẹ̀.

Ọkọ mi ti fẹ̀yìn tì nígbà náà kúrò ní ilé ìwé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní Aradágùn. Ó ń lọ jókòó sí èbúté lójoojúmọ́, ó ń wo omi bí ẹni ń wo ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Mo lọ bá a.

"Bàbá Pọ́ọ̀lù, ẹ ò ní jẹun ni?"

"Ìyá Pọ́ọ̀lù, jókòó. Wo ìgbì yẹn. Iyanrìn ìjọ́sí máa ń gbà á lálejò ni. Á gun iyanrìn, á rẹ̀ ẹ́, á kú síbẹ̀. Ògiri kì í gba àlejò. Bó ṣe wá ló ṣe ń dá a padà lódidi. Èyí tó ń padà á wá pàdé èyí tó ń bọ̀."

"Wọ́n á jà."

"Níbì kan wọ́n á pa ara wọn, omi á dúró jẹ́ẹ́. Níbòmíràn wọ́n á gun ara wọn lẹ́yìn, á di òkè." Ó ní ohun tó ń ṣe fóònù mi náà nìyẹn, pé ìgbì ni ohun tó ń gbé ọ̀rọ̀ wá sínú rẹ̀, ojú ọ̀sà ń dá a padà, ìdí nìyẹn tí ìpè fi ń wọlé nídìí igi àgbọn, tí kì í wọlé nídìí ààrò mi. Èmi ti rò pé èéfín ló ń bà á jẹ́.

"Kí ló dé tí omi èbúté fi ń ga sí i, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń tì í mọ́?"

"Gbogbo omi tó wà nínú nǹkan ló ní bó ṣe máa ń fì. Bí ẹni tó ń tì í bá bá a mu, díẹ̀ á di púpọ̀."

"Bíi báàfù omi," ni mo wí. "Bí ìrìn mi bá ti bá omi orí mi mu, ọrùn mi ló máa dà sí."

"Kí lo máa ń ṣe sí i?"

"Ewé ni mo máa ń fi lé e. Àbí ẹ ò rí i rí ni?"

Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó dìde láìwọ bàtà. "Ewé! Ewé la máa fi lé e!"

Bí àwọn ará ilé rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ Ègùn, ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹ̀ka igi nìyẹn. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni: wọ́n máa ń ri ẹ̀ka mọ́ ẹrẹ̀ ọ̀sà kí ẹja lè sá wọ̀ ọ́, bí ẹja bá pọ̀, wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká, wọ́n á fa ẹ̀ka yọ, wọ́n á kó ẹja. Akájá ni wọ́n ń pè é. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ ògiri ni wọ́n ri ẹ̀ka mọ́ yíká, wọ́n fi ọ̀nà ọkọ̀ sílẹ̀ láàárín. Ìgbì wọlé, ó ń kọsẹ̀ láàárín ẹ̀ka, ó fọ́ wẹ́wẹ́, kò rí agbára padà. Àwọn obìnrin padà sí èbúté.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò ni pé ẹja kò mọ̀ pé nítorí ìgbì la ṣe ri igi. Wọ́n kún ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Húnsù, tó ni àwọ̀n tó tóbi jù, a máa dúró níbẹ̀ láràárọ̀, a máa gbé itọ́ mì.

"Máutin, ẹja ń kí mi, o ní kí n má dáhùn?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kí wọn padà, kí ẹ sì máa lọ."

Ẹ̀rín la fi ń tú ká. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀ka kan.

Ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá yìí ni àìsàn mú Máutin lọ. Àṣà wọn ni pé bí ẹni tó ni akájá bá kú, ẹbí á ṣí i, ẹja rẹ̀ ni wọ́n á fi bọ́ àlejò ìsìnkú. Akájá tí a kò ṣí, ìtìjú ni fún òkú àti ẹbí. Húnsù kó àwọn ará ilé wá bá mi, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ìyàwó wa, akájá Máutin la máa ṣí. Ẹnì kan kò ní sọ pé a sin àbúrò mi bí ẹni tí kò lẹ́bí."

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀fun. Ìfẹ́ ni. Ìyẹn ló mú kí ẹnu mi wúwo.

"Ẹ̀gbọ́n, bí a bá fa igi yẹn yọ, níbo ni àlejò máa gúnlẹ̀ sí?"

"Bí a bá sin ín tán, a ó tún un rì."

"Ọjọ́ tí a máa sin ín gan-an ni ọkọ̀ máa pọ̀ jù."

Ìyá Sẹ́nàmì, tó wá bá mi dárò, gbé ọwọ́ rẹ̀ tó wọ́ sókè. "Ẹ̀gbọ́n Húnsù, ẹyọ ọwọ́ kan ló kù fún mi o."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, Húnsù náà rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ta wá ló ni akájá náà?"

"Gbogbo ẹni tó bá ń gúnlẹ̀ síbẹ̀," ni mo dá a lóhùn.

Húnsù gbé àwọ̀n rẹ̀, ó lọ sójú ọ̀sà gbalasa, ó lọ wá ẹja tí a ó fi bọ́ àlejò àbúrò rẹ̀.

Tíṣà ni àwọn tó kọ́ ń pè é, wọ́n sì pọ̀. Èmi mọ̀ ọ́n sí ẹni tó lè jókòó ti ohun tó ń dun ẹlòmíràn, títí yóò fi mọ ọ̀nà tó ń gbà dùn ún. Ìyẹn ni mò ń ronú sí nígbà tí ọkọ̀ àwọn àlejò ń wọlé, ẹlẹ́ńjìnnì àti alájẹ̀, tí omi ń mì díẹ̀ láàárín ẹ̀ka, tó sì ń rọlẹ̀, tí àwọn ìyá arúgbó ń sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láìdi ògiri mú. Ọjọ́ Sátidé ni. A sin Máutin Àjàní sí ẹ̀yìn ilé bàbá rẹ̀.